Ohun Tó Sọ Nídìí Ẹ̀rọ Omi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta

Ó padà dé.

Mo ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́, mo bá ọkùnrin kan lẹ́nu ọ̀nà wa. Ó dúró. Kò kan ilẹ̀kùn, kò sì lọ. Ó gbẹ, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti tóbi jù ú. Mo kí i bí èèyàn ṣe ń kí àgbà tí kò mọ̀ rí. Ó wò mí, ó ní, "O ti dàgbà." Ìgbà yẹn ni mo tó dá a mọ̀. Ohùn ni. Ojú lè gbàgbé, etí kì í gbàgbé.

Ìyá mi wà nínú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó mọ̀ pé ọkùnrin náà wà níta. Kò ní kó wọlé, kò ní kó máa lọ. Mo bi í pé kí la fẹ́ ṣe báyìí. Ó ní, "Jókòó, ká ṣa ẹ̀wà." A ṣà á. Nígbà tí a ó fi ṣà á tán, ó ti lọ.

N kò ní pè é ní bàbá nínú ìwé yìí. Ọkùnrin Ẹnu-Ọ̀nà ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Ó tún wá, ó tún dúró. Kò sẹ́ni tó gbé àga fún un. Ìyá Ìròyìn, aránṣọ tó wà ní yàrá iwájú, pè mí lójú rẹ̀: "Àlejò! Ṣé iná wà lọ́dọ̀ yín?" Ọkùnrin náà yí orí padà kíá, bí ẹni pé òun ni wọ́n pè.

Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹjọ

Bàbá Àánú wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ẹ̀gbọ́n Ọkùnrin Ẹnu-Ọ̀nà ni. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí kò lè sọ̀rọ̀ títí kó má ti àánú Ọlọ́run bọ̀ ọ́, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ bàtà tó já. Ó jókòó, ó mu omi, ó nu ẹnu.

Ó ní, "Ìyàwó, ara ọkọ ẹ ò yá. Kíndìnrín ni. Wọ́n ti lé e níbi tó ń gbé. Ọlọ́run aláàánú ni o, Ó sì fẹ́ràn ẹni tó ń dárí jini. Ọ̀rọ̀ kékeré tó ti pẹ́. Jẹ́ ká da omi tútù sí i."

Ìyá mi ní, "Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n."

Ọ̀rọ̀ kékeré! Jẹ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ kékeré náà síbí, kí ìwé yìí náà mọ̀ ọ́n. Mo ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òwúrọ̀ ni, gbogbo ará ilé ti to garawa sídìí ẹ̀rọ omi láàárín ọgbà. Ọkùnrin Ẹnu-Ọ̀nà gbé báàgì jáde. Ìyá mi ń bẹ̀ ẹ́, ó di apá aṣọ rẹ̀ mú. Ọkùnrin náà na ìka sí mi níbi tí mo gbé garawa pupa sí, ó sì sọ ọ́ sétí gbogbo wọn pé, "Ẹ wo àwọ̀ ẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa. Ọmọ yìí kì í ṣe tèmi. Kó lọ wá bàbá ẹ̀." Ó lọ. Omi kún garawa ẹnì kan, ó ń ṣàn dànù, kò sẹ́ni tó rántí pa ẹ̀rọ.

Láti ọjọ́ yẹn làwọn ọmọdé ti ń pè mí ní Àlejò. Ó pẹ́ títí kò fi jọ èébú mọ́, ó di orúkọ. Àwọn tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ lónìí, ọ̀pọ̀ wọn kò mọ ibi tó ti wá.

Tí Ọlọ́run bá rí bí Bàbá Àánú ṣe sọ — àgbà kan tó ń bẹ ẹni tí wọ́n lù nítorí ẹni tó lù ú — àánú tí wọ́n ń fi àpò ẹlòmíràn ṣe ni. Inú ń bí mi sí I. Ẹ̀rù bà mí kí n tó kọ ìyẹn. Mo ti kọ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo ba aṣọ oníbàárà jẹ́.

Ọ̀gá Sitáàṣì (ọrùn rẹ̀ le ju kọ́là tó ń fi sitáàṣì sí lọ) kọ́ wa lọ́jọ́ tí mo wọ ilé ìfọṣọ rẹ̀: kí áyọ́ọ̀nù tó kan aṣọ, kí ojú kọ́kọ́ kàn án. Tí àbàwọ́n bá ṣẹ́kù, inú omi ni kó padà sí. Iná máa ń se àbàwọ́n ni. Ohun tí ọṣẹ ì bá mú kúrò, áyọ́ọ̀nù á sọ ọ́ di onílé.

Lónìí, ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Tíì ló ta sí i láyà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ọ̀rọ̀ àná ni mò ń rò. Mo gbé áyọ́ọ̀nù kọjá lórí rẹ̀, mo tún gbé e padà. Ìgbà tí mo wo ilẹ̀, ó ti pọ́n.

Ọ̀gá ní, "Ojú ẹ dà? Àbí o fẹ́ kó rìn wá bá ẹ ni, kó ní, 'Ẹ kú iṣẹ́ o, èmi ni àbàwọ́n'?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ni ẹkún bá fẹ́ yọ. Ó gba ṣẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́ mi, ó rẹ ẹ́ sínú omi. "A óò máa rẹ ẹ́. Bóyá."

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

Ìyá mi ti kíláàsì kéú àwọn obìnrin dé, ó wo ẹní ìrun mi tó wà ní kíká. "O ò kírun ọ̀sán." Kì í ṣe ìbéèrè.

Mo sọ fún un. Pé n kò mọ̀ bóyá Ẹni tí mò ń kírun sí wà lẹ́yìn wa àbí ó wà lẹ́yìn Bàbá Àánú. Mo rò pé yóò pariwo. Kò pariwo. Ó ní, "Ṣé o rò pé èmi ò bá A jà rí ni?"

Ó gbé Àlùkùránì rẹ̀ wá, èyí tí Yorùbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lárúbáwá. Ó ṣí Súrà Ìmọ́lẹ̀. Etí ojú ewé yẹn ti dọ̀tí ju ìyókù lọ, ọwọ́ rẹ̀ ti pẹ́ níbẹ̀. "Kà á sókè."

Mo kà á. Àwọn tó ń ba obìnrin mímọ́ lórúkọ jẹ́ tí wọn kò mú ẹlẹ́rìí mẹ́rin wá — ọgọ́rin pàṣán. Mo fẹ́ pa ìwé dé. Mo ní, "Màámi, èyí le." Ó ní, "Ó le. Máa kà á lọ." Kí wọ́n má gba ẹ̀rí wọn mọ́ láé, àfi àwọn tó ronú pìwà dà lẹ́yìn náà, tí wọ́n sì tún un ṣe.

Mo ń kà á lọ. Ọkọ tí kò ní ẹlẹ́rìí, yóò fi Ọlọ́run búra, yóò sì gbé ègún lé ara rẹ̀ lórí bí ó bá purọ́. Ìyàwó náà yóò búra pé irọ́ ló pa. Tí ó bá ti búra, ó parí, wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Mo dúró níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ obìnrin náà ló gbẹ̀yìn. Ọlọ́run bi í. Nídìí ẹ̀rọ omi, ta ló bi ìyá mi ní nǹkan kan?

Lẹ́yìn náà ni mo kan ibi tó ti bá àwọn tó gbọ́ wí. Pé kí ló dé tí ẹ kò ro rere, kí ẹ ní irọ́ pọ́ńbélé nìyí? Ẹ kà á sí ohun kékeré, bẹ́ẹ̀ ohun ńlá ni lọ́dọ̀ Ọlọ́run.

Kékeré. Ọ̀rọ̀ Bàbá Àánú gan-an.

Ìyá mi ń gbá èérún búrẹ́dì kúrò lórí tábìlì nígbà tó sọ ọ́, kò tiẹ̀ wò mí: "Ọlọ́run tí kò lè bínú nítorí mi, kí ni mo fẹ́ fi àánú Rẹ̀ ṣe?"

Mo dìde, mo ṣe àlùwàlá. Ìrun ọ̀sán ti pẹ́. Mo kí i.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá

Mo ka ìyókù fúnra mi, àti àlàyé tó wà nísàlẹ̀ ewé. Ó yẹ kí n ti dúró níbi tí mo ti dúró sí.

Ọkùnrin rere kan wà tó ń bọ́ ìbátan rẹ̀ kan. Ìbátan yẹn wà lára àwọn tó gbé irọ́ náà kiri, irọ́ mọ́ ọmọ ọkùnrin rere náà. Ó búra pé òun kò ní fún un ní nǹkan kan mọ́. Èmi náà ì bá búra bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run kò ní kó má bínú. Ó ní kó dárí jì í, kó gbójú fò ó, lẹ́yìn náà Ó bi í léèrè: ṣé ẹ kò fẹ́ kí Ọlọ́run dárí jì yín ni?

Pàṣán ló wà níbẹ̀rẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, ìbéèrè ló bá pàdé. Mo ní kí n má dá A lóhùn. N kò tíì dá A lóhùn.

Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Bàbá Àánú tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí ó mú Ọkùnrin Ẹnu-Ọ̀nà dání, ṣùgbọ́n ìyẹn kò kọjá kọ́tìnnì. Mo rí òjìji ẹsẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀ aṣọ náà. Bàbá Àánú bẹ̀rẹ̀ orin rẹ̀. Ìyá mi jẹ́ kó kọ ọ́ tán.

Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ, aláàánú ni. Òun náà ló ní kí ẹni tó ba obìnrin lórúkọ jẹ́ ronú pìwà dà, kó sì tún un ṣe. Ẹ ti wá ka ìdáríjì fún èmi lẹ́ẹ̀mejì. Ta ló máa ka 'tún un ṣe' fún òun?"

"Ó ti kábàámọ̀, ìyàwó. Ó ti sọ fún mi nínú yàrá."

"Ṣé inú yàrá ló ti bú mi ni? Ìdí ẹ̀rọ omi ló sọ ọ́ sí. Ìdí ẹ̀rọ omi ni kó ti wá kó o."

"Ṣé o fẹ́ dójú ti ẹni tí ara ẹ̀ ò yá ni?"

"Ojú tèmi ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? Ṣé ẹ bá mi gbé e pamọ́ ni?"

Bàbá Àánú wo ife omi. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò rí àánú sọ. Nígbà tí mo tún wo abẹ́ kọ́tìnnì, òjìji ẹsẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Àbàwọ́n náà ṣì wà. Ó ti ṣá, àmọ́ ó wà. Mo rò pé Ọ̀gá á bá mi sọ̀rọ̀ fún ẹni tó ni ín. Ó kàn tì mí síwájú káńtà: "Ọwọ́ ẹ ló ṣe é, ẹnu ẹ ni kó sọ ọ́." Tíṣà ni ọkùnrin náà. Àwọn mìíràn wà lórí ìlà. Ahọ́n mi wúwo bí aṣọ tútù. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni mo fi áyọ́ọ̀nù lé e, n kò wò ó." Gbogbo ìlà wò mí. Ó ní ó dun òun, ó ní òun fẹ́ràn ṣẹ́ẹ̀tì yẹn. Ó mú un lọ. Kò ní ó dára, kò sì bú mi.

Gbólóhùn kan péré. N kò mọ̀ pé ó lè wúwo tó bẹ́ẹ̀. Mo ronú kan Ọkùnrin Ẹnu-Ọ̀nà lọ́nà ilé, láìfẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlógún

Kò wá. Ìyá Ìròyìn ní, "Ìyá Àlejò, àlejò yín ò wá mọ́?" Ìyá mi ní kó rán aṣọ rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún

Kò wá. Ó yẹ kí inú mi dùn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Òwúrọ̀. Garawa wà lórí ìlà. Ìyá Ìròyìn ló kan ẹ̀rọ, bàbá arúgbó tó ń gbé lẹ́yìn wà níbẹ̀, àwọn ayálégbé tuntun méjì náà wà níbẹ̀. Èmi ni mo kẹ́yìn. Ó gba ẹnu géètì wọlé, òun nìkan, Bàbá Àánú kò bá a wá. Kò yà sí ẹnu ọ̀nà wa. Ó wá dúró sórí sìmẹ́ńtì tútù, níbi tó dúró sí lọ́jọ́ náà.

Ó ní, "Ẹ dákun, ẹ bá mi pa ẹ̀rọ."

Ìyá Ìròyìn pa á.

"Ohun tí mo sọ níbí nípa ìyàwó mi, irọ́ ni. Mo mọ̀ pé irọ́ ni lọ́jọ́ tí mo sọ ọ́. Mo fẹ́ lọ ni, n kò sì rí ẹ̀sùn kankan kà sí i lọ́rùn, mo bá fi ọmọ ṣe ẹ̀sùn." Èémí rẹ̀ kò tó, ó dúró, ó di ẹ̀rọ mú. "Ọmọ mi ni. Mo gbọ́ orúkọ tí ẹ ń pè é. Ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn."

Bàbá arúgbó náà wo ilẹ̀. Ó ní, "Àwa náà gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn, a ò sọ pé irọ́ ni." Kò darúkọ súrà kankan. N kò rò pé ó mọ̀ pé ohun tó sọ wà nínú Àlùkùránì.

Ìyá mi ti jáde, ọṣẹ wà lápá rẹ̀ dé ìgúnpá. Ó ní, "Mo gbọ́. Ọlọ́run náà gbọ́. Mo dárí jì yín." Ọkùnrin náà fẹ́ gbé ẹsẹ̀ síwájú. Ìyá mi ní, "Ilé ẹ̀gbọ́n yín lẹ óò máa gbé o. Mo ní mo dárí jì yín, n kò ní mò ń fẹ́ yín padà. Tí ọjọ́ ilé ìwòsàn bá pé, ẹ wá bá mi níbẹ̀, ibi iṣẹ́ mi náà ni. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀, èmi ni mò ń nù ún, màá mú yín dé ọ̀dọ̀ dókítà."

Ìyá Ìròyìn fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rín ni àbí ẹkún ni, n kò mọ̀. Ìyá mi ti wọlé padà sídìí aṣọ rẹ̀.

Ó wá ku èmi. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan. Òun náà kò bi mí, ilẹ̀ ló ń wò. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ọjọ́rú yẹn wà níbẹ̀, bí ẹni tó ti dúró lórí ìlà láti àárọ̀ tí kò janpata. Ṣé ẹ kò fẹ́?

Mo fẹ́. Inú ṣì ń bí mi, mo sì fẹ́.

Mo gbé garawa sílẹ̀. Mo wọlé, mo gbé àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé jáde, mo fi aṣọ nù ún, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn wa, níta. N kò gbé e wọlé. N kò tíì lè ṣe ìyẹn.

Mo ní, "Ẹ jókòó, Bàbá mi."

Ó jókòó. Ẹnì kan ṣí ẹ̀rọ.