Agolo Oúnjẹ Girdhari

Ajé, 3 Oṣù Kejì
Ilé mẹ́fà lónìí fún ìwádìí ìjọba lórí ẹni tó níṣẹ́ àti ẹni tí kò ní, ní Firozabad, ìlú oníṣẹ́ dígí wa yìí. Ẹsẹ̀ ń ro mí. Ilé kẹrin: Sarla. Ó ti ń fi iná àtùpà pa ẹnu ẹ̀gbà ọwọ́ onídígí pọ̀ fún owó láti àárọ̀. Mo bi í bóyá ó ṣiṣẹ́ láàárín ọjọ́ méje tó kọjá. "Èmi kẹ̀? Ìyàwó ilé ni mí, jàre." Ọwọ́ ẹ̀ ò dúró! Mo kọ ọ́ sí òṣìṣẹ́ — wákàtí kan péré ti tó, bí fọ́ọ̀mù ṣe wí nìyẹn. Ọkọ ẹ̀ ńkọ́, Girdhari? "Ó wà nílé iṣẹ́ dígí. Ó ti gbé agolo oúnjẹ ẹ̀ lọ." Òun náà, òṣìṣẹ́.

Ọjọ́rú, 5
Yéè! Mo rí Girdhari, Bàbá Alágolo bí àdúgbò ṣe ń pè é, ní ibùdókọ̀ rélùwéè, aago mọ́kànlá àárọ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì rótì inú agolo ẹ̀. Wọ́n ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ láti oṣù kẹwàá. Ojoojúmọ́ ló ń lọ bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn. "Ọmọ mi, má jẹ́ kí Sarla gbọ́ o." Aláìríṣẹ́ gidi, ó sì ń wá a — èmi ti kọ ọ́ sí òṣìṣẹ́.

Ẹtì, 7
Ọ̀gá ní mo lè tún un ṣe, àmọ́ kí n bi ọkùnrin náà fúnra ẹ̀, nílé. Níwájú Sarla!

Àìkú, 9
Mo bi í. Sarla ló dáhùn, kò gbójú sókè: "Kọ òótọ́. Ta lo rò pé ó ń bọ́ ilé yìí láti oṣù kẹwàá? Aṣọ ẹ̀ ò ní òórùn èéfín ilé iṣẹ́ mọ́, mo mọ̀." Girdhari ní, kí ló wá dé tó ṣì ń di oúnjẹ fóun? "Kẹ́ ẹ lè máa jáde ni."
Mo tún un kọ: kò níṣẹ́, ó ń wá a. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn.

Ajé, 5 Oṣù Karùn-ún
Àbẹ̀wò kejì. Agolo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, oúnjẹ kún inú ẹ̀. Girdhari dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Mo bi í bóyá ó wáṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí. "Níbo?" ló ní. Sarla ní ó ti tó oṣù kan tí kò jáde mọ́. Nínú ìwé wa, ẹni tí kò wáṣẹ́ kì í ṣe aláìríṣẹ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ kàn bi ẹnì kan péré lọ́la." Ó fa aṣọ borí. Mo yọ ọ́ kúrò nínú àwọn tí à ń kà sí aláìríṣẹ́. Ilé mẹ́ta mìíràn, bákan náà. Ó dùn mí.

Ìṣẹ́gun, 17 Oṣù Kẹfà
Èsì ìwádìí wa jáde. Ọ̀gá pín ládù, àdídùn ọjọ́ ayọ̀, ní ọ́fíìsì: iye àwọn aláìríṣẹ́ ti lọ sílẹ̀ lágbègbè wa. Mo jẹ ìdajì.
Lọ́sàn-án, Sarla pè mí lórí fóònù. Ó gbọ́ ọ lórí rédíò, ó ń rẹ́rìn-ín: "Nuzhat, ọmọ mi, iṣẹ́ ti dé nìyẹn o! Ilé iṣẹ́ wo ló ń gba èèyàn? Tètè sọ — ọkọ mi ti dìde, ó ń wọ bàtà."