Àna Mi Ń Di Ìsàlẹ̀ Ikùn Mú

Olóòtú wa, ẹ kú làálàá lórí wa. Ẹ dákun, ẹ má ka orúkọ mi síta.

Fòníkú-fọ̀ladìde ló wà lára ìyàwó mi tó ṣaláìsí. Egungun ló sábà máa ń dùn ún, omi gbígbóná la sì máa ń sáré gbé. Lọ́jọ́ tó di ìsàlẹ̀ ikùn mú, omi gbígbóná náà la tún gbé. Ilé ìwòsàn pàápàá ní wàhálà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni. Ìgbà tí wọ́n fi rí i pé kòkòrò àrùn ló fara pamọ́ sínú ilé ọmọ rẹ̀ nísàlẹ̀ ikùn, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Àbúrò rẹ̀ tó ní irú ẹ̀jẹ̀ kan náà ti ń di ibẹ̀ mú báyìí. Mo ní ká lọ ṣàyẹ̀wò, ó rẹ́rìn-ín.

"Bùrọ̀dá, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi lẹ jẹ́, ẹ kì í ṣe nọ́ọ̀sì mi. Egungun ni jàre."

Bóyá òótọ́ ni. Bóyá ọ̀fọ̀ ló ń dà mí láàmú. Báwo ni àna ọkùnrin ṣe ń bá obìnrin sọ irú ọ̀rọ̀ yìí? Ẹ bá mi sọ ọ́ fún un. Kì í pa gbígbọ́ ètò yín jẹ, yóò sì mọ̀ pé òun là ń bẹ̀.