Síńgílẹ́ẹ̀tì Yín Lára Ọkọ̀ Aláwọ̀ Aró

Ọjọ́bọ̀, àárín oṣù Èrèlé. Ọyẹ́ kò tíì kúrò nílẹ̀. Eruku pupa bo ewé àti òrùlé, oòrùn òwúrọ̀ sì yọ bí ẹni tí ó fi ìbòjú bojú.

Bàbá mi, ẹni tí í jí ṣáájú àkùkọ,

Ilé yín ní Ayétòrò ni mo ti ń kọ ìwé yìí, lórí tábìlì yín. Ẹ mọ̀ pé n kì í ṣe ẹni tí ń tú inú rẹ̀ sílẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, ohun tí ojú mi bá rí, mo kàn ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní alaalẹ́ ni, mo sì ń pa ìwé dé. Ti òní yìí kò ṣeé pa dé, nítorí pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yín ni.

Kí n kọ́kọ́ fún yín ní ìròyìn ayọ̀. Ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìlaròó ń lọ déédéé. Ọkọ̀ tí ó bá gba ọ̀nà Ìdìrókò wọlé ti jẹ oòrùn àti iyanrìn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ojú rẹ̀ a sì ti ṣú. Mo mọ ohun tí n ó ṣe sí i. N ó fọ̀ ọ́, n ó fi téèpù bo etí ilẹ̀kùn àti igun bọ́nẹ́ẹ̀tì, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀dà ti máa ń tínrín jù. N ó mú páàdì máìkrófáíbà, páàdì onírun wẹ́wẹ́ tí ó rọ̀ bí etí ọmọ ewúrẹ́, n ó kán kọ́mpáǹdì, ìpara tí ń gé ojú ọ̀dà, díẹ̀ sí i lójú, n ó sì dán an wò ní ibi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Ibẹ̀ ni n ó ti mọ bí ọ̀dà náà ṣe le tó. Lẹ́yìn náà ni n ó tó máa gbé ẹ̀rọ tí ń yí páàdì náà kiri, n ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, n ó mú ọwọ́ fúyẹ́ nígbẹ̀yìn. Bí páàdì bá ti kún fún ọ̀dà tí ó gé, n ó gbọn ọ́n nù, nítorí páàdì tí ó kún kì í gé mọ́, ooru ni ó ń dá. N kì í kánjú, Bàbá. Iṣẹ́ tí ó ti ọwọ́ mi jáde kò tíì padà wá rí.

Lọ́sẹ̀ tí ó kọjá, oníṣòwò aṣọ kan láti Ìhùnbọ̀, tí ó ń ná ọjà Kútọnu, wá gbé ọkọ̀ rẹ̀. Ó yí i po, ó bẹ̀rẹ̀ wo nọ́ńbà rẹ̀.

“Màdáàmù, èwo ni tèmi níbẹ̀?”

“Èyí tí ẹ fọwọ́ lé yẹn ni.”

“Ẹ má fi mí ṣeré, ẹ jọ̀ọ́! Irùngbọ̀n mi ni mò ń rí lára ilẹ̀kùn yìí!”

“Ẹ yáa fá a kí ẹ tó délé, ọ̀gá.”

“Mèsí, màdáàmù, mèsí! Ìyàwó mi á ní ọkọ̀ ẹlòmíì ni mo gbé wálé.”

Mo rẹ́rìn-ín, èmi tí ẹ máa ń sọ pé ẹ̀rín rẹ̀ wọ́n bí òjò ọyẹ́.

Ṣé inú yín ìbá dùn? N kò mọ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù náà, ẹ wá bẹ̀ mí wò, ẹ fi ọ̀pá yín tọ́ ẹ̀rọ mi, ẹ ní, “Kẹ́míkà ni mo ní kí o lọ kọ́ ní polí, àkísà ni o kó bọ̀.” Ẹ tún ní, “Ẹ̀yin onímáṣíìnì yìí, awọ ọkọ̀ ni ẹ ń bó. Ẹ kò ní bó tèmi.” N kò jiyàn. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: a kì í mú kí ọkọ̀ dán láìgé díẹ̀ kúrò lára ọ̀dà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ yín kò fi kan ọwọ́ mi títí ẹ fi lọ.

Ìjẹta ni mo wá kí Màámi. N kò tíì jókòó tán tí ó fi bẹ̀rẹ̀.

“Àkọ́bí mi, ààwẹ̀ ti dé tán. Lọ́jọ́ ìtúnú, mo fẹ́ kí o fi ọkọ̀ bàbá rẹ gbé mi lọ sí yídì. Mo fẹ́ kí ó dán bí ọjọ́ tí ó gbé e wọlé.”

“Màámi, Bàámi ní kí n má fọwọ́ kàn án.”

“Bàbá rẹ ni ó sọ bẹ́ẹ̀, èmi ni mo ni ọkọ̀ báyìí. Àbí ọkọ̀ àlejò nìkan ni o mọ̀ ọ́n mú dán?”

Mo fọ ọkọ̀ náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo sì tan iná sí i lára. Ìlà wẹ́wẹ́ kún un láti iwájú dé ẹ̀yìn bí òwú aláǹtakùn. Mo mọ ohun tí ń fa irú ìlà bẹ́ẹ̀. Eruku pupa wa yìí, iyanrìn ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi aṣọ gbígbẹ nù ún, iyanrìn ni ó fi ń ha ọkọ̀. Gbogbo wa ni a sì ń ṣe é ní agbègbè yìí. Nígbà ọyẹ́ tí omi wọ́n, ta ni yóò da omi sára mọ́tò? A ó gbọn àkísà pàpà, a ó nù ún, ó parí.

Bàbá mi, ẹ̀yin ni. Láràárọ̀, lẹ́yìn Àsùbáà, ẹ ó ki tẹ̀sùbáà bọ àpò, ẹ ó mú síńgílẹ́ẹ̀tì yín tí ó ti gbó, ẹ ó sì nu ọkọ̀ náà láti ibi iná iwájú dé ibi iná ẹ̀yìn, ní fífà gbọọrọ, bí ẹni ń fọwọ́ pa ọmọ lórí. Ẹ máa ń ní, “Ojú ni mò ń bọ́ fún un. Àlejò tí ó bá sùn mọ́jú nílé ẹni, a kì í jẹ́ kí ó fi ojú oorun jókòó.” Ìlà yín ni mo rí lábẹ́ iná. Wọ́n gùn, wọ́n sì tọ́. Àárín òrùlé nìkan ni kò ní ìlà kankan, nítorí pé ọwọ́ yín kò tó o. Ibẹ̀ ni mo ti rí àwọ̀ ọkọ̀ yín gan-an, aró tí ó mu aṣọ dé ìdí. Mo ti gbàgbé pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí.

Mo mú ẹ̀rọ kékeré tí ń wọn ìnípọn ọ̀dà, mo fi kàn án káàkiri. Níbi tí ọwọ́ yín ti ń kọjá jù, kílíà, ọ̀dà tí kò ní àwọ̀ tí ó bo aró náà, ti tínrín gan-an. Ó ṣì lè gba dídán lẹ́ẹ̀kan. Kò ní gbà á lẹ́ẹ̀kejì. Ìyẹn kò dẹ́rù bà mí. N ó ṣe é, kò sì ní jó mọ́ mi lọ́wọ́. Ohun tí mo rí láàárọ̀ àná ni ó dá mi dúró.

Ìró ẹsẹ̀ ni ó jí mi. Mo wo ojú fèrèsé, Màámi ni, ó di gèlè ìrun mọ́rí, síńgílẹ́ẹ̀tì yín wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń bá ọkọ̀ náà sọ̀rọ̀: “O jí ire bí? Eruku yìí kò jẹ́ kí o sinmi.” Ó gbọn aṣọ náà pàpà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. Nígbà tí ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín.

“Ọ̀gá onímáṣíìnì, wá wo bí wọ́n ti ń ṣe é! Bàbá rẹ ni ó kọ́ mi. Ó ní kí n má tẹ̀ ẹ́ jù, kí n má sì fo ibì kankan.”

“Màámi, ẹ jẹ́ kí n bá yín bu omi sí i.”

“Omi wo? Omi àlùwàlá ni o fẹ́ dà sára irin?”

Nígbà tí ó wọlé, mo lọ wo ilẹ̀kùn awakọ̀. Màámi kúrú sí yín, ẹ mọ̀. Ìlà yín wà lókè, gbọọrọ. Tirẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó ń yí róbótó. Ìdí ọwọ́ ilẹ̀kùn ni wọ́n ti pàdé.

Bí mo bá mú kí ọkọ̀ yìí dán, tí Màámi sì ń bá síńgílẹ́ẹ̀tì náà lọ, kí ọyẹ́ mìíràn tó kọjá, ìlà yóò ti padà, kò sì ní sí ọ̀dà tí n ó gé mọ́. Bí mo bá sì gba síńgílẹ́ẹ̀tì náà, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ẹ̀yin méjèèjì ṣì jọ ń ṣe ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀, Bàbá? Nígbà tí ojú ọkọ̀ náà ń ṣú lọ, ṣé ẹ rí i, tí ẹ wá rò pé ẹ kò nù ún tó ni?

Mo kọ́kọ́ rò ó pé kí n kàn gbé aṣọ mìíràn sí ibi tí síńgílẹ́ẹ̀tì máa ń wà, kí n má sọ nǹkan kan. Ìwà mi nìyẹn, ọ̀dọ̀ yín ni mo sì ti mú un. Ṣùgbọ́n Màámi kì í ṣe ẹni tí à ń pààrọ̀ aṣọ mọ́ lọ́wọ́ bí ọmọdé.

Nítorí náà, mo ti pinnu. Ọ̀la, lẹ́yìn Àsùbáà, kí ó tó gbọn síńgílẹ́ẹ̀tì, n ó mú un dé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. N ó tan iná sí i. N ó fi ìlà yín hàn án, n ó fi tirẹ̀ hàn án, n ó sì sọ ohun tí ó fà á fún un gẹ́lẹ́ bí ó ti rí. N ó jẹ́ kí ó wò ó tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn, nítorí pé páàdì mi ni yóò pa á rẹ́. Lẹ́yìn náà, n ó fi aṣọ máìkrófáíbà tuntun lé e lọ́wọ́, n ó sì gbé garawa omi síwájú rẹ̀, omi tí mo fà fúnra mi ní kànga ilé kejì, kí ó má baà sọ̀rọ̀ àlùwàlá sí mi. Òun ni yóò máa fọ̀ ọ́ láràárọ̀ láti ìsinsìnyí lọ. Bí ó bá sì ní kí n fi ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀ bí ó ṣe wà, n ó fi téèpù yí i ká, n ó mú kí ìyókù dán. Ọkọ̀ yín yóò dé yídì pẹ̀lú ilẹ̀kùn kan tí ó ṣú. Ẹni tí ó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kí ó rín in.

Garawa ti kún, ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Màámi ti bi mí kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní kí ó di ọ̀la.

Kí eruku má ṣe dé ibi tí ẹ sùn sí.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ó kó àkísà bọ̀ láti polí.