Ìwé Bàbá Wa Ti Tọ́: Ọdún Kẹfà Tí Aláàárù Ti Lọ

Bàbá wa, ọdún mẹ́fà pé lónìí tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Ọdún mẹ́fà! Wọ́n ní ọjọ́ máa ń gbé ìbànújẹ́ lọ. Wọn ò parọ́ tán, ṣùgbọ́n wọn ò sọ fún wa pé ó máa ń fi díẹ̀ sílẹ̀. Ó fi díẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Síbẹ̀, ẹkún kọ́ la gbé wá bá yín lọ́dún yìí. Ìròyìn la gbé wá, ìròyìn náà sì dùn!

Ilé yín ti parí. Òjò tó ń jò sínú yàrá ẹ̀yìn kò rọ́nà gbà mọ́. Ọmọ-ọmọ yín tó máa ń gbé awò ojú yín wọ̀ ti di nọ́ọ̀sì. Àkọ́bí yín, télọ̀, ti kó iṣẹ́ rẹ̀ kúrò nínú pálọ̀. Ó gba ṣọ́ọ̀bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, maṣíìnì mẹ́rin ló ń dún níbẹ̀. Òun ló sì ni ìròyìn tí a fẹ́ jẹ́, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ló ti jáde wá.

Ẹ rántí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Sójà ni yín, iṣẹ́ yín sì ni láti gbé àwọn tó fara gbọta kúrò lójú ìjà. Ẹ̀yìn yín lẹ fi ń gbé wọn, ìdí nìyẹn tí àwọn ẹgbẹ́ yín fi sọ yín ní Aláàárù. Lọ́jọ́ tí wọ́n jà lórí afárá, ẹ lọ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ gbé èèyàn mẹ́ta bọ̀. Ìgbà kẹta ni ọta bà yín nítan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun parí, tí wọ́n ń fún àwọn tó gbọgbẹ́ lójú ìjà ní àmì-ẹ̀yẹ, wọn ò pè yín. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé yín ni pé ọkọ̀ ló dojú dé lẹ́yìn àgọ́, pé ẹ̀yin lẹ wà á, ibẹ̀ lẹ sì ti fara pa. Jàǹbá ọkọ̀! Ẹ̀yin tí ẹ ò wa ọkọ̀ rí láyé yín!

Lẹ́tà mọ́kànlá lẹ kọ. Èsì kan náà ní gbogbo ìgbà: wọ́n ti wo ìwé yín, kò sí ohun tó yí padà. Nígbà tí Màmá bi yín pé ṣé nítorí irin kékeré lẹ ṣe ń da ara yín láàmú, ẹ ní, "Kì í ṣe irin ni mò ń wá, ìyá àwọn ọmọ. Irọ́ ni wọ́n kọ mọ́ mi lára. Mi ò fẹ́ kú sínú ẹ̀."

Inú rẹ̀ náà lẹ kú sí, Bàbá. Ìyẹn ló dun télọ̀ jù.

Ọdún kejì tí ẹ lọ ló gbé ọ̀rọ̀ náà dìde. Àbúrò rẹ̀, ọmọ yín tó jẹ́ mẹkáníìkì, kọ́kọ́ ta kò ó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, òkú kì í wọ àmì-ẹ̀yẹ. Ẹ jẹ́ kí Bàbá sinmi."

Télọ̀ ò gbójú sókè níbi tó ti ń dá kọ́là. "Tí wọ́n bá rán ẹ̀wù ẹlòmíì wọ̀ ẹ́, ṣé wàá lè sinmi nínú ẹ̀?"

Mẹkáníìkì náà ló fi mọ́tò gbé e lọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀ẹ̀meje ni télọ̀ lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ń tọ́jú ìwé àwọn ológun sí. Gbọ̀ngàn gígùn ni, bẹ́ǹṣì rẹ̀ le bí òkúta, akọ̀wé kan sì wà lẹ́yìn gíláàsì, obìnrin tí ohùn rẹ̀ tutù ṣùgbọ́n tí ọwọ́ rẹ̀ ò yá. Ìgbà keje ni wọ́n jẹ́ kó rí fáìlì yín. Ó ṣí i. Nọ́ńbà yín ló wà lókè ìwé jàǹbá náà. Ọjọ́ orí yín ni. Àmì ìka tí wọ́n fi yíǹkì tẹ̀ sì wà nísàlẹ̀, pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Bàbá, ẹ dárí jì í. Ó bi ara rẹ̀ pé, àbí Bàbá ló... Kò jẹ́ kí ọkàn òun parí ọ̀rọ̀ náà. Ó jókòó, ó ń wo ìka yẹn bí ẹni tó ń wo aṣọ tí kò bá ara mu tí kò sì tíì mọ ibi tó ti bàjẹ́. Àfi bó ṣe bú sẹ́rìn-ín lójijì!

"Ẹ̀gbọ́n, ìka ta nìyí?"

Akọ̀wé ní, "Ti bàbá yín ni. Òun ló tẹ̀ ẹ́."

"Bàbá mi kì í tẹ̀ka! Bàbá mi ló ń bá gbogbo bárékè kọ lẹ́tà sílé!"

Ó tú àwọn lẹ́tà mọ́kànlá yín sórí tábìlì. Ó ṣí ojú ewé àkọ́kọ́ nínú fáìlì kan náà, ìwé tí ẹ fi wọ iṣẹ́ ológun. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín kọ orúkọ yín síbẹ̀, ìkọ̀wé tó rẹwà bẹ́ẹ̀, tí ìrù lẹ́tà rẹ̀ máa ń ká kò. Akọ̀wé bọ́ awò rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀.

Ó ní, "Àbúrò mi, ìwé jàǹbá ẹlòmíì ni wọ́n ṣèèṣì kọ nọ́ńbà àti ọjọ́ orí bàbá yín sí, tí wọ́n sì kó sínú fáìlì yìí. Ṣùgbọ́n ohun tí èyí fi hàn ni pé bàbá yín ò sí nínú ọkọ̀. Kò tíì fi ibi tó wà hàn. Ẹ wá ẹni tó fojú rí i lọ́jọ́ yẹn."

Ẹni tó fojú rí i! Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélógójì! Télọ̀ kọ̀wé sí gbogbo ẹgbẹ́ àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì, ó kéde lórí rédíò. Oṣù mẹ́rìnlá ló fi dúró. Ṣùgbọ́n bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin kan pè é lórí fóònù pé bàbá òun gbọ́ orúkọ Aláàárù lórí rédíò, kò sì tíì dákẹ́ ẹkún.

Kúùkù tó ń se oúnjẹ fún ẹgbẹ́ yín lójú ogun ni, Bàbá! Ó wà láàyè! Ẹsẹ̀ kan ló kù fún un, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ pé. Ó di télọ̀ lọ́wọ́ mú, ó ní, "Èmi ni ìkẹta tó gbé. Ọta ti bà á, ó sì ń sáré. Ó ń bú mi bó ṣe ń sáré! Ó ní, 'Ìwọ kúùkù yìí, oúnjẹ gbogbo wa lo ti jẹ sínú, ó hàn lára rẹ!' Ọmọ mi, ẹ̀rín ni mò ń rín tí mo fi dákú."

Ó búra ní kọ́ọ̀tù, ó fọwọ́ sí i. Télọ̀ mú un padà lọ bá akọ̀wé. Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ akọ̀wé yá!

Oṣù kẹta ọdún yìí ni lẹ́tà dé. Wọ́n ti yọ jàǹbá kúrò. Wọ́n ti kọ ọ́ pé ọta ìbọn bà yín lórí afárá, níbi tí ẹ ti ń gbé ẹlẹgbẹ́ yín kúrò lójú ìjà. Ọ̀gá ológun kan ló kà á sókè ní gbọ̀ngàn, àmì-ẹ̀yẹ yín wà lórí ìrọ̀rí kékeré níwájú rẹ̀. Ó fẹ́ gbé e fún Màmá, Màmá ò nawọ́.

Ó ní, "Ẹ tún un kà, ọ̀gá."

Ó tún un kà. Màmá ní kó tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọkùnrin náà gbọ́n, Bàbá. Ó gbé ohùn sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì nàró ṣánṣán. Ìgbà yẹn ni Màmá tó gbà á. Mẹkáníìkì tó ní òkú kì í wọ àmì-ẹ̀yẹ ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún.

Irọ́ ti kúrò lára yín, ó sì ti kúrò láéláé! Ẹni tó bá ka ìwé yín lọ́la, ẹ̀yin gan-an ni yóò bá níbẹ̀. A ṣẹ́gun, Bàbá, a sì gbé orí sókè. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé lọ́jọ́ náà, tí onílé àti àlejò ń sọ̀rọ̀ papọ̀, gbogbo wa ló ń wojú ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀yin la fẹ́ sọ ọ́ fún. Àárò yín ń sọ wá, Aláàárù wa. A nífẹ̀ẹ́ yín lánàá, a nífẹ̀ẹ́ yín lónìí, kò sì ní rẹ̀ wá.