Ààrò Ọ̀gá Èéfín

Ọjọ́ Ẹtì, 16 Oṣù Kẹjọ
Delmar tún dé. Àbúrò ọkọ mi — Ẹnu-ò-dilẹ̀ ni mò ń pè é. Ààrò ẹran tó wà lẹ́yìnkùlé ló ń wá. "Ìyàwó wa, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń dáná sí i."
Òótọ́ ni. Látìgbà tí a ti fẹ́ra, Cleophus ọkọ mi ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ọ̀gá Èéfín ni wọ́n ń pè é. Oṣù karùn-ún la sin ín. Mi ò tíì sunkún.
Mo sọ fún Delmar pé èmi ni màá yan ìhà ẹlẹ́dẹ̀ ti Ọjọ́ Òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà lọ́dún yìí, ní Oṣù Kẹsàn-án. Mi ò mọ ohun tó gbé e sí mi lẹ́nu.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17
Òjò. Mi ò ṣe nǹkan kan.

Ọjọ́rú, 21
Mo fi ìhà kan dánra wò. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ẹ̀yìn egungun — mo gbàgbé láti bó o. Ata, ṣúgà, iyọ̀, mo fi pa á lára. Iná pọ̀ jù. Òde dúdú bí èédú, inú ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀. Mo jẹ díẹ̀. Bíi páálí. Gbogbo oúnjẹ ló ń rí bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mi báyìí.

Ọjọ́ Àìkú, 25
Junetta ọmọ mi pè láti Atlanta. "Màámi, ẹ ta ilé yẹn, kẹ́ ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ohùn yín ti dà bíi ti ẹni tó ń ka ìròyìn." Mo ní mo ti gbọ́.
Mo tún dáná. Híkọ́rì, igi líle tí wọ́n fi ń yan ẹran níbí, díẹ̀díẹ̀. Mo jókòó tì í látàárọ̀, mo ń wọ́n fínígà sí i kó má bàa gbẹ. Ó sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹsàn-án
Ọjọ́ Òṣìṣẹ́. Ará ṣọ́ọ̀ṣì, ará àdúgbò, Junetta náà wá. Delmar dúró ti ààrò: "Èéfín yìí ti pọ̀ jù o. Ẹran á korò. Cleo kì í ṣe é báyìí."
Nígbà tí mo gé e, ẹran ń já kúrò lára egungun fúnra rẹ̀. Delmar mú ọ̀kan, ó gé e jẹ. Ó rọra gbé egungun sílẹ̀, ó lọ sẹ́yìn gáràjì. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.
Àwọn yòókù ń lá ìka. Mo dúró tòun tọ̀bẹ lọ́wọ́. Mo wá irú ohun tó ń pa á lẹ́kún nínú ara mi. Kò sí.
Nígbà tí wọ́n ń lọ, mo ní kí Delmar máa gbé ààrò náà lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7
Ó gbé e lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 15
Delmar pè. Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí ìyàwó rẹ̀ má gbọ́. "Ìyàwó wa, ẹ gbà mí. Ẹran tí mo yan, ajá ò jẹ ẹ́."
Mo ní, ajá wo?
"Ajá ilé wa! Ó gbóòórùn ẹ̀, ó wò mí lójú, ó bá tiẹ̀ lọ."
Ẹ̀rín já lẹ́nu mi. Mi ò mọ ibi tó ti wá. Mo rín títí mo fi jókòó sílẹ̀ ní kíṣínì, títí ẹ̀rín náà fi di ẹkún. "Ìyàwó wa? Ṣé ẹ wà níbẹ̀?" Ó wá mọ ohun tí mò ń ṣe. Ẹnu-ò-dilẹ̀ dákẹ́. Ó di fóònù mú títí mo fi sunkún tán.
Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣé kí n gbé ààrò náà padà wá?"
Mo ní kó gbé e bọ̀, kó sì ra ìhà ẹlẹ́dẹ̀ dání. Mo ti sọ fún Junetta pé mi ò ní kúrò ní Memphis níbí.