Wáyà Kan fún Ilé Mẹ́ta

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta 2025
Philip, ó di ogójì ọjọ́ lónìí tí o ti lọ. Okun o níbẹ̀, bí a ṣe ń kí ara wa nílé.
Àwọn ẹbí rẹ wá gbá ṣọ́ọ̀bù tí o ti ń ṣe iṣẹ́ nẹ́tíwọọ̀kì. Wọ́n tú gbogbo wáyà kúrò lára súwíìṣì, àpótí oníhò tó ń so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀, wọ́n fi omi ọṣẹ nù wọ́n, wọ́n dá wọn padà sí ihò tó bá wù wọ́n. Bí wọ́n ṣe kó aṣọ rẹ pín, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kó gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ dànù. Ó mọ́ lóòótọ́. Kò kàn ṣiṣẹ́ ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú nẹ́tíwọọ̀kì mẹ́ta — ti Florence oníkẹ́míìsì, ti ilé ẹ̀kọ́, ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù — ti ilé ẹ̀kọ́ nìkan ló ń rí. Florence ń bínú. Bọ̀dá Babátọ́pẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ, ní bí kò bá dára di ọjọ́ Ẹtì, òun á fi ṣọ́ọ̀bù fún obìnrin kan tó ń ta ẹja yìnyín. Ẹja, Philip. Lórí tábìlì rẹ.

Ọjọ́rú, 5
Mo fa wáyà mẹ́ta wá sẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Ihò kan péré ló ní. Má rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mo rántí. Ihò kẹjọ lára súwíìṣì nìkan lo ní kó gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀, kó fi nọ́ńbà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà dàrú mọ́ra. Mo ki wáyà bọ̀ ọ́. Ó tún wá burú sí i — kò rí ẹnì kankan mọ́.
Mo wọ inú súwíìṣì lọ wo àwọn nọ́ńbà náà. Páásìwọ́ọ̀dù rẹ ni orúkọ tí o fi ń pè mí ní yàrá. Ojú ò tì ẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Kọ̀ǹpútà náà gbọ́dọ̀ mọ àwọn nọ́ńbà yẹn. Ohun tó ṣẹ́ kù nìyẹn. Lórí wáyà kan náà, mo dá ẹnu ọ̀nà mẹ́ta sínú rẹ̀, nọ́ńbà kan fún ilé kọ̀ọ̀kan: 10, 20, 30. Bọ̀dá ti wọlé, ó ń wọn ibi tí fìríìsà ẹja máa dúró sí. Mo rán ìwé kan sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Florence. Ó sáré dé. “Ìyàwó Philip, ẹ̀rọ mi ń pọ ìwé, kí lo ṣe sí i?” Ilé ẹ̀kọ́ náà dáhùn. Alájẹṣẹ́kù náà dáhùn.
Bọ̀dá ká okùn ìwọ̀n rẹ̀. Ó ní, “Ìyàwó wa, mi ò fẹ́ ẹja. Mi ò kàn lè máa kọjá kí n máa rí àga rẹ̀ lófo ni.”
Mo ní kó jókòó sí i. Ó jókòó.
Màá máa ṣílẹ̀kùn, Philip.