Bàbá Rọra, Bíréèkì Yín Kọ́ Ló Ṣẹ̀

Ọdún márùn-ún rèé tí ẹ ti fi wá sílẹ̀, Bàbá Rọra. Ọdún márùn-ún! Lọ́dọọdún la máa ń kọ ọ̀rọ̀ dídùn sí yín, tí a ó ní ilé ń lọ dáadáa, ọ̀nà ń lọ dáadáa. Ti ọdún yìí yàtọ̀. Ojú ń tì wá láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó sàn ká kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ èyí tó dára. Àkọ́bí yín obìnrin ti di nọ́ọ̀sì. Ó ti ń fún àgbàlagbà lábẹ́rẹ́, ẹni tó máa ń sá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn tó bá rí abẹ́rẹ́! Àbúrò ẹ̀ obìnrin ti bímọ, ọmọ náà sì gbé iwájú orí yín wáyé pátápátá. A ti kan àjà sí pálọ̀. Yàrá ẹ̀yìn tí ẹ ò ráyè kùn, a ti kùn ún. Iṣẹ́ wíwọ́ ọkọ̀ tó bàjẹ́, tí ẹ fi tọ́ wa dàgbà, ò sì dúró. Kíákíá, abíkẹ́yìn yín, ló ń ṣe é.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ mọ ìdí tí ẹ fi sọ ọ́ ní Kíákíá. Tí píkọ́ọ̀pù yín bá ń wọ́ ọkọ̀ gun òkè, ṣe ló máa ń mí hẹlẹhẹlẹ, àwọn awakọ̀ tó wà lẹ́yìn á máa fọn fèrè, Kíákíá á sì máa rò pé òun ni wọ́n ń bú, á ní kí ẹ ṣe kíákíá. Lọ́dún kẹta lẹ́yìn yín, ó ní òun fẹ́ sọ píkọ́ọ̀pù náà dọ̀tun. Ó gbé ẹ́ńjìnì tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i, ó pààrọ̀ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní kí wẹ́dà jó ìkọ́ irin tuntun mọ́ ọn nídìí. Wẹ́dà bi í pé àpò yanrìn mẹ́rin tí ẹ tò sẹ́yìn ọkọ̀, lókè táyà ẹ̀yìn, ńkọ́. Ó ní ẹrù lásán ni, ó ń jẹ agbára ẹ́ńjìnì. Ó dà á sí kòtò. Bàbá, a wà níbẹ̀. A rẹ́rìn-ín. A ní ọjọ́ ogbó ló ń dà yín láàmú tí ẹ fi ń kó yanrìn kiri. Kò sẹ́ni tó rántí pé yanrìn yẹn ló ń di ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀ tí ọkọ̀ tó ń wọ́ bá ń tì í látẹ̀yìn.

Oṣù kan gbáko, orí Kíákíá ń wú. Ó ń gba ọkọ̀ tó tóbi ju èyí tí ẹ máa ń gbà lọ. Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò rọ̀, ó ń wọ́ bọ́ọ̀sì oníbúrẹ́dì sọ̀kalẹ̀ òkè, oníbúrẹ́dì fúnra ẹ̀ ló jókòó sínú bọ́ọ̀sì náà, tó di sítíárì mú. Kíákíá tẹ bíréèkì. Ìdí píkọ́ọ̀pù fúyẹ́, ó yọ̀ lórí omi, bọ́ọ̀sì tì í yí, bọ́ọ̀sì náà sì lọ kọlu ògiri ṣọ́ọ̀bù olóògùn. Apá ọ̀tún oníbúrẹ́dì kán. Oṣù márùn-ún ni kò fi lè po ìyẹ̀fun.

Kíákíá ò fara pa rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí èrò pé lé e lórí, tí wọ́n bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, ohun tó jáde lẹ́nu ẹ̀ ni pé, “Bíréèkì ni. Bí bàbá mi ṣe fi í sílẹ̀ nìyẹn.”

Bàbá! Bíréèkì tí ẹ fọwọ́ ara yín pààrọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ tó lọ! Ìyá wa ló di tọ́ọ̀ṣì mú fún yín. Mẹkáníìkì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan tó ṣe é. A sì dákẹ́. A ní Kíákíá ló ṣì nílò oníbàárà, ẹ̀yin ti lọ, kò lè dùn yín mọ́. Àwọn awakọ̀ tí ẹ fi ọgbọ̀n ọdún wọ́ ọkọ̀ wọn láì fi ha ibì kankan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọkọ̀ jálankato ni Bàbá Rọra fi ń tan àwọn jẹ.

Oníbúrẹ́dì wá kí ìyá wa, wọ́n fi aṣọ gbé apá ẹ̀ kọ́ ọrùn. Ó ní, “Màmá, mi ò bá ọmọ yín jà. Ẹni tó fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún un ni mò ń bá jà, ó sì ti kú.” Ìyá wa gbé omi fún un, wọn ò lè wò ó lójú.

Ọdún méjì la fi gbé e mì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a jókòó láti kọ ìrántí yín, àkọ́bí yín sì kọ ọ́ pé ẹ fi orúkọ rere sílẹ̀ fún wa. Kíákíá ní ká dúró ná. Ó dìde, ó gba ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì lọ, ìyá wa tẹ̀ lé e. Oníbàárà kún ibẹ̀. Ojú gbogbo wọn ló ti ní, “Bíréèkì bàbá mi ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo da yanrìn wọn nù, mo sì purọ́ mọ́ wọn.”

 Oníbúrẹ́dì ní, “Ọdún méjì ni mo fi ń ṣépè fún ẹni tí kò ṣe mí ní nǹkan kan.” Ó sọ fún Kíákíá pé òun ò tíì dárí jì í, kó máa lọ sílé. A ò lè dá a lẹ́bi. Látìgbà náà, Kíákíá ń lọ láti ibùdókọ̀ kan sí èkejì, ó ń sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Àwọn kan ti gbé iṣẹ́ wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Bàbá, ẹ forí jì wá. Òun ló purọ́, àwa la bá a tọ́jú irọ́ náà. A ń ṣàárò yín lójoojúmọ́, a nífẹ̀ẹ́ yín, a ò sì ní jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tún ba orúkọ yín jẹ́, àwa fúnra wa pàápàá.

Lánàá, oníbúrẹ́dì ránṣẹ́ sí wa. Ó ní tí a bá ń kọ orúkọ àwọn tó ń ṣèrántí yín, ká fi tòun sí i.

Àwa ni: ìyàwó yín, àwọn ọmọ yín obìnrin méjèèjì, Kíákíá, ọmọ-ọmọ yín, àti oníbúrẹ́dì.